Ẹ Jẹ́ Ká Sáré, Ká sì Padà Délé: Ọ̀rọ̀ Ààbò fún Àwa Ìyá Ọlọ́jà Tí À Ń Sáré Ìdájí

Ohun tí ẹgbẹ́ ní kí á kọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ eré sísá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eré tí à ń wí yìí kì í ṣe eré ọmọdé, kì í sì í ṣe eré tí a máa ń sá bí àwọn agbowó-orí bá yọ lókèèrè. Eré ìdájí ni, èyí tí dókítà ní kí á máa sá kí ẹ̀jẹ̀ ríru má baà gbé wa lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. À ń jókòó sídìí ọjà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí a bá dìde, láti wọn ìrẹsì fún oníbàárà ni, tàbí láti bá alábàárù fa ọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ á wú, ìdí á wúwo, a ó máa sọ pé ọjọ́ orí ni. Ẹni tó bá wá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á ní ó ti ga. Àjọ ìlera àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Bí a bá pín in, 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni, fún ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn kíákíá wà nínú rẹ̀, eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú wa fi ń jáde ní aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tó wẹ̀, kí wọ́n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àkókò mìíràn wo ni obìnrin ọlọ́jà tún ní? Lọ́sàn-án, oníbàárà wà níwájú rẹ̀. Lálẹ́, ìkòkò wà lórí iná.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba àwọn kan. Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹ̀lúbọ́, ní ìdájí, níbi tí kò jìnnà sílé rẹ̀ rárá. Wọ́n tì í lulẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó. Láti ìgbà yẹn, ìyá mẹ́rin ti fi eré sílẹ̀. Èyí tó dùn wá ju fóònù lọ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ kiri àdúgbò. Wọ́n ní, “Kí ni ìyá àgbà ń wá lójú títì ní aago márùn-ún?” Ẹ gbọ́ ná, ta ló béèrè ohun tí ọmọkùnrin tó já fóònù ń wá lójú títì ní aago márùn-ún? A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè.

Kì í ṣe Ìgbẹ̀ìn nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Ireland, ní January 12, 2022, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ashling Murphy jáde lọ ṣeré ìdárayá ní ẹ̀gbẹ́ odò ní ìlú Tullamore. Ọmọ ọdún 23 ni. Ọ̀sán ni, oòrùn ò tíì wọ̀. Ẹnìkan tí kò mọ̀ rí pa á síbẹ̀. Àwọn obìnrin ilẹ̀ náà jáde lọ́pọ̀ yanturu, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n ní eré ló jáde lọ sá, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹjọ́ dá ẹni tó pa á lẹ́bi ní 2023, ó sì wà lẹ́wọ̀n gbére. Bí ó bá jẹ́ pé òkùnkùn nìkan ló ń pa èèyàn, kí ló pa ọmọ yẹn?

Nítorí náà, àwa ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nílé, òun náà ń pa èèyàn, kì í sì í kọ́kọ́ gba fóònù. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí a ó ṣe máa sáré tí a ó sì máa padà wálé.

ẸGBẸ́ AÁRÓ NI KÍ Á FI SÁRÉ

Èyí tó ṣe pàtàkì jù la ó kọ́kọ́ sọ: kí á yé dá nìkan sáré. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa ní aáró. Nígbà tí Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà fẹ́ gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Aáró ló dá sílẹ̀, tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó wà láàrin wọn ń wò wọ́n, wọ́n rò pé oko lásán ni. Wọn ò mọ̀ pé àwọn èèyàn tó ti mọ bí a ti ń dúró ti ara ẹni lóko, bí ọjọ́ ìjà bá dé, wọn ò ní sá fi ara wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló padà di Ẹgbẹ́ Olórógun, tí wọ́n sì fi òpin sí ìlàrí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Bí a ó ṣe ṣe tiwa rè é. Kí àwọn tó ń gbé nítòsí ara wọn di ẹni mẹ́ta, tàbí mẹ́rin, tàbí márùn-ún. Kí ibi ìpàdé wọn jẹ́ iwájú ilé kan tí iná wà, kì í ṣe ìkóríta tó dá. Ẹni tí ọjọ́ kàn ni yóò pe àwọn yòókù jí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá jù lọ ni kí ó wà níwájú, òun ni kí gbogbo yín máa tẹ̀lé, nítorí bí ẹni tó yára bá wà níwájú, ó di kí ìyá kan máa dá fà lẹ́yìn bí ewúrẹ́ aláìsàn, ẹni tó dá fà lẹ́yìn yẹn gan-an ni ọmọ burúkú ń wò. A rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá wa sáré tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn. Kí wọ́n lọ sáré tiwọn lọ́tọ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Kí ẹnìkan máa wà nílé tó mọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ ó dé. Ó lè jẹ́ ọkọ, ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ìyá arúgbó tí kì í sùn lẹ́yìn ìkíní àkùkọ. Bí ẹ bá ní aago mẹ́fà, tí mẹ́fà kọjá 15 ìṣẹ́jú, kí ó pe fóònù. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Èyí kò náni ní kọ́bọ̀.

Ẹ máa yí ọ̀nà padà pẹ̀lú. Lónìí ẹ gba ọ̀nà Sápọ́n, lọ́la ẹ gba apá Ìjàyè, ọ̀túnla ẹ kọrí sí Kútọ̀. Olè náà ń ka ọjọ́. Ó mọ ọjọ́ tí à ń kó àjọ, ó mọ ọjọ́ tí à ń lọ ra ọjà ní Làfẹ́ńwá. Ìyá tó bá ń sáré ní ọ̀nà kan náà ní aago kan náà lójoojúmọ́, bí ẹni fi ìwé ránṣẹ́ sí olè ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ tòbí sílé. A ti gbọ́ pé àwọn kan ń sáré pẹ̀lú owó àjọ nínú tòbí nítorí pé wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó wà nílé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kó owó náà lọ sí báńkì tàbí àjẹṣẹ́kù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀gbà ọrùn wúrà náà, ẹ yọ ọ́. Ta lẹ fẹ́ kó rí i ní ìdájí?

Bí ó bá di dandan kí ẹnìkan dá sáré, kí ó dúró kí ojú ọjọ́ mọ́ dáadáa, kí ó sì lọ sí ibi tí èèyàn wà, bí àyíká pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn àpáta níbi tí ewúrẹ́ nìkan wà.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn èèyàn kì í rò. Ẹni tó ń sáré lè di ẹni tí wọ́n fura sí. Ní February 23, 2020, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Ahmaud Arbery, ọmọ ọdún 25, ń sáré kọjá ní àdúgbò kan. Àwọn òyìnbó mẹ́ta fi ọkọ̀ lé e, wọ́n ní àwọn rò pé olè ni, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiwọn ní ti àwọ̀ ara nínú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọlọ́dẹ tí kò sùn láti alẹ́, tó rí òjìji mẹ́rin tó ń sáré bọ̀ nínú òkùnkùn, kí lẹ fẹ́ kó rò? Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ kí àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n mọ ojú yín, kí wọ́n mọ aago tí ẹ ń kọjá. Ẹ bá àwọn So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn tó wà ní àdúgbò sọ̀rọ̀ náà. Bí ọlọ́dẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí yín, ẹ dúró, ẹ kí i, ẹ sọ orúkọ. Ìkíni ò wọ́n wa, àbí? Ọlọ́dẹ tó mọ̀ yín ti di ọ̀kan nínú aáró nìyẹn, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sáré wá bí ẹ bá ké.

ỌKỌ̀ ÀTI AJÁ

Olè la máa ń sọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í béèrè fóònù. Láti April 2, 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ìyẹn ni pé ọwọ́ òsì ni kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré máa gbà, kí ó kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, awakọ̀ nìkan ló mọ̀ bóyá ó ti sùn lọ. Bí ó bá ń bọ̀ níwájú, ìwọ náà á rí i, wàá sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tò lẹ́yìn ara yín bí ọkọ̀ bá yọ, ẹ má to ara yín ní ìlà bí ẹni ń jó wọ agbo. Ẹ tún máa wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọlọ́kadà tiwa ò mọ ọwọ́ òsì, kò mọ ọ̀tún, ẹlòmíì ò sì tan iná.

Aṣọ funfun tàbí aṣọ tó tàn ni kí á wọ̀. Àǹkárá aláwọ̀ aró dára fún òde, ṣùgbọ́n ní ìdájí kò yàtọ̀ sí òkùnkùn. Kí á wọ ṣòkòtò. A mọ̀ pé àwọn ìyá kan ò fẹ́ gbọ́ ṣòkòtò sétí. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́ búbà gígùn, Ọlọ́run mọ ọkàn wọn. Ìró ò ṣeé sáré. Bí ewu bá dé, ìró ni yóò kọ́kọ́ dè wá lẹ́sẹ̀ kí ọ̀tá tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe sálúbàtà. Kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ mú tọ́ọ̀ṣì dání nítorí gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kì bọ etí láti fi gbọ́ orin, ẹ fi sílé. Etí ni ojú ìdájí.

Ajá ńkọ́? Ní aago márùn-ún, ajá ló ni títì. Bí ó bá yọ sí yín, ẹ má sá. Ẹ̀yin tó ń sáré tẹ́lẹ̀, ẹ dá eré dúró. Bí a bá sá, ó rò pé ẹran ni wá. Ẹ dúró, ẹ kó apá mọ́ra, ẹ má tẹjú mọ́ ojú rẹ̀, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ata sí i, ẹ má lọ máa wá irun ajá náà kiri. Bí àmì àrùn yẹn bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó bá tètè dé ń dá a dúró.

BÍ ỌWỌ́ BÁ KÀN WÁ

A wá dé ibi tí àwọn èèyàn ń retí. Ní 1947, nígbà tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta fẹ́ kọ owó-orí obìnrin, ìjọba ò fún wọn níwèé àṣẹ láti wọ́de. Wọ́n ní kò burú, àwọn ò wọ́de, píkíníìkì làwọn ń lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde lọ sí Aké, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó àwọn obìnrin jọ sí ọgbà ilé rẹ̀, ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn ó ṣe bí ọlọ́pàá bá ju tajútajú: bí wọn ó ṣe fi aṣọ bo ojú, bo imú, bo ẹnu. Ẹ wo ọgbọ́n ìyá yẹn. Kò dúró kí èéfín wọ ojú wọn kí ó tó máa kọ́ wọn. Àwọn obìnrin ọlọ́jà bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì sun ìta ààfin títí ọ̀rọ̀ fi di ńlá, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò nílùú ní 1948. Bí ẹ̀rù bá dé, ọpọlọ kì í rántí ohun tuntun. Ohun tí ọwọ́ ti ṣe rí nìkan ni ọwọ́ á ṣe. Nítorí náà, ohun tí a ó sọ báyìí, ẹ má kàn kà á, ẹ fi ara yín dánra wò.

Ojú ló ń kọ́kọ́ jà. Bí ẹ bá rí ẹni tó dúró níbi tí kò yẹ kí ó dúró, ẹ má ní ojú ń ti yín. Ẹ sọdá. Ẹ yí padà. Ẹ kan ilẹ̀kùn ilé ẹni tí ẹ mọ̀. Ìyá tó sá fún aláìṣẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ fóònù ló fẹ́, ẹ jù ú sí apá kan, kí ẹ sá gba apá kejì. Yóò lọ mú fóònù, ẹ̀yin á ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ wọ́ yín lọ síbòmíràn, bóyá sínú ọkọ̀ tàbí ilé tí wọn ò kọ́ tán, ibẹ̀ ni kí ẹ ti jà pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Ibi tó fẹ́ gbé yín lọ burú ju ibi tí ẹ wà lọ, òun náà ló mọ ìdí tó fi fẹ́ kúrò lójú títì.

Ohùn ni ohun ìjà wa àkọ́kọ́. Àwa tó ń polówó ọjà láti ọmọdé, ta ló ní ohùn bíi tiwa? Ẹ ké “Ẹ gbà mí o!” kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ wà: “Ẹ gbà mí o, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì o!” Ẹ má ké “Olè!” A mọ̀ pé òun ló máa ń yá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá jí gìrì pẹ̀lú igi àti táyà, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí tó ń sáré ni wọn ó lù, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń sáré bọ̀ wá gbà yín. Ẹ so fèrè mọ́ ọrùn ọwọ́, kì í ṣe mọ́ ọrùn gan-an, nítorí wọ́n lè fi okùn rẹ̀ fún yín lọ́rùn. Fífọn mẹ́ta ni àmì wa.

Bí ó bá di ọwọ́ yín mú, ẹ má fà á sẹ́yìn bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Ẹ wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ìka mẹ́rin wà ní apá kan, àtàǹpàkò nìkan ló wà ní apá kejì, ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ yí ọrùn ọwọ́ yín sí apá àtàǹpàkò náà, kí ẹ já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìwúwo ara. Ọmọbìnrin kékeré lè fi já mọ́ géńdé lọ́wọ́. Bí ó bá gbá yín mú láti ẹ̀yìn, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi ìgúnpá gún un ní ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá wà níwájú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àgbọ̀n rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tàbí kí ẹ fi ìka wá ojú rẹ̀, tàbí kí orúnkún lọ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ lè gé e jẹ. Ìtìjú ò sí nínú ìjà yìí.

Kí ẹ wá sá! Ibi tí a mọ̀ pé àwa ọlọ́jà ti máa kùnà nìyí. Inú ìyá ọlọ́jà á ti ru, yóò fẹ́ dúró bú u, yóò fẹ́ mọ orúkọ ìyá tó bí i. Rárá o. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tú, ó tán. Ẹ sá lọ síbi tí iná àti èèyàn wà. Bí ó bá yọ ọ̀bẹ tàbí ìbọn nítorí dúkìá, ẹ fún un ní dúkìá.

Àwọn kan ní àwọn ń di ata gígún sínú bébà dání. A ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ ti gún ata rí nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ mọ ojú ẹni tó ń bọ́ sí.

Ẹ̀YIN TÍ EWU YÍN WÀ NÍLÉ

Gbogbo ohun tí a ti sọ, ti títì ni. Ó ku kan tí a ò lè fò. Ní Kenya, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sáré gba owó ńlá, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Agnes Tirop. Ní September 2021, ó sá kìlómítà mẹ́wàá ní Jámánì ní ìṣẹ́jú 30 àti ìṣẹ́jú-àáyá 1, nígbà náà, kò tíì sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí nínú eré títì tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, October 13, wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ ní ìlú Iten, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un. Ọmọ ọdún 25 ni. Ọkọ rẹ̀ ni ìjọba mú lọ sílé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2024, Rebecca Cheptegei, ọmọ Uganda tó ń gbé ní Kenya, sáré máratọ́ọ̀nù ní Olympics ìlú Paris ní August. Kò pé oṣù kan, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀ da epo bẹntiróòlù sí i lára ní ojúlé rẹ̀, ó sì ṣáná sí i, nígbà tí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó kú ní September 5. Ìjà ilẹ̀ tí obìnrin náà fi owó rẹ̀ rà ló wà láàrin wọn.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ tún un kà. Àwọn obìnrin yìí lè sáré ju gbogbo géńdé tó wà ní Abẹ́òkúta lọ. Ẹsẹ̀ wọn ò gbà wọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó ń sáré nínú ilé ara rẹ̀. Owó tí wọ́n fi òógùn wọn rí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ bá wọn jà. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn jìnnà sí obìnrin tó ra ilẹ̀ láti inú èrè aṣọ àdìrẹ, tí ọkọ ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ sí rìsíìtì? Àwọn ẹlẹgbẹ́ Agnes Tirop dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Tirop's Angels, kí obìnrin tó bá wà nínú irú wàhálà yẹn lè rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹgbẹ́ tiwa náà gbọ́dọ̀ lè ṣe ìwọ̀nba. Bí ẹnìkan nínú aáró bá ń wá sáré pẹ̀lú ojú wíwú, tó ní òun ṣubú ní balùwẹ̀, tó sì tún ṣubú ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà. Kí ẹnìkan ṣoṣo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ó mọ ilé tí òun lè sá wá bí ó bá di òru. Kí àwọn ìwé rẹ̀ àti owó ọkọ̀ díẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́kàn lé. Bí ó bá sì di pé kí àwọn àgbà báni parí ìjà, ó dára, àwa fẹ́ràn ìlàjà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀bẹ tàbí epo bẹntiróòlù bá ti wọ ọ̀rọ̀, “lọ fara dà á nítorí ọmọ” kì í ṣe ìlàjà mọ́. Òfin wà: ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2015, ìpínlẹ̀ Ògùn náà ṣe tirẹ̀ ní 2017. Lílu ìyàwó wà nínú rẹ̀.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Nọ́mbà 112 ni ti pàjáwìrì ní gbogbo Nàìjíríà, owó ò sì sí lórí rẹ̀. Ti ìjàǹbá ojú ọ̀nà, 122 ni kí ẹ pè fún àwọn Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Kí gbogbo wa kọ méjèèjì sórí, nítorí ìwé tí a kọ ọ́ sí lè wà nílé.

Bí wọ́n bá fipá bá obìnrin lò pọ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí á rí i, kí ó má wẹ̀, kí ó má fọ aṣọ, bó ti wù kí ara máa rí i nírira tó. Kí ó lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìjọba ní Ìjàyè tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà. Oògùn wà tó ń dènà kòkòrò HIV, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bí ó bá sì tètè yá ló dára jù. Èyí tó ń dènà oyún náà wà. Kí ẹnìkan nínú aáró bá a lọ, kí ó jókòó tì í, kí ó má sì béèrè ohun tó wọ̀ tàbí aago tó jáde.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ti padà sẹ́nu eré. Àwọn mẹ́rin ló ń wá bá a nílé báyìí, òun ló wà níwájú, nítorí orúnkún rẹ̀ ò tíì yá tán.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù akọ̀wé, a ó fi ọwọ́ ara wa dánra wò lórí ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò yẹn. Ẹ wọ ṣòkòtò wá, ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín dání. Fèrè wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tí owó ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè san án lẹ́ẹ̀mejì, àyàfi ẹni tó ṣì jẹ gbèsè aṣọ ẹgbẹ́. Ìyẹn, kí ó kọ́kọ́ wá rí wa.